Keir Hardie: kí ló gbé ọmọ Scotland dé Wales?

Béèrè-kóo-mọ̀
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn òṣèlú ìlú ọba dáadáa. Ọmọ Scotland ni Keir Hardie, aṣòfin tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Labour sílẹ̀. West Ham South lẹ́bàá London ló kọ́kọ́ dìbò fún un lọ́dún 1892, ìgbà tó máa tún fi wọlé ní 1900, Merthyr Tydfil ní Wales ni. Kí ló fa ìyẹn? Àbí torí fìlà òṣìṣẹ́ tó dé wọ ilé aṣòfin ni wọ́n ṣe lé e?

Awakùsà
Kì í ṣe fìlà o. Wọ́n pariwo fìlà yẹn nínú pẹ́pà lóòótọ́, àmọ́ ohun tó bí wọn nínú jù ni ti June 1894. Ibi ìwakùsà èédú kan bú gbàmù ní Cilfynydd ní Wales, ó pa èèyàn tó ju 250 lọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bí ọmọ sáàfin. Ilé aṣòfin fẹ́ kí ìdílé ọba kú oríire, Hardie ní kí wọ́n bá àwọn opó náà kẹ́dùn pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n kọ̀, ló bá dìde sọ̀rọ̀ sí ìdílé ọba níwájú gbogbo wọn, wọ́n ń hó lé e lórí kò sì jókòó. Ó fìdí rẹmi nínú ìbò 1895, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal tó tì í lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ náà ti kẹ̀yìn sí i.

Àdùkẹ́ Ìtàn
Ọmọ ọdún mẹ́wàá lòun fúnra ẹ̀ wọ kòtò èédú, ó ń ṣílẹ̀kùn ó ń tì í kí afẹ́fẹ́ lè dé ìsàlẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ opó awakùsà kì í ṣe àgbọ́sọ létí ẹ̀. Ní 1898 táwọn tó nibi ìwakùsà ní South Wales ti gééètì mọ́ òṣìṣẹ́, ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìjókòó méjì ni Merthyr ní nílé aṣòfin, nígbà tí ìbò 1900 dé, D. A. Thomas tó jẹ́ Liberal gba ọ̀kan, Hardie gba ìkejì. Nígbà tó fi máa di 1906, ẹgbẹ́ Labour ti ní aṣòfin 29, òun ni wọ́n fi ṣe alága wọn.

Béèrè-kóo-mọ̀
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé Merthyr náà dúró tì í dópin?

Awakùsà
Wọn ò dúró, èyí ló dùn mí jù. Ó ta ko Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn èèyàn ẹ̀ ní Aberdare, ìlú kan ní ẹkùn ìdìbò Merthyr yẹn, fi ariwo tú ìpàdé ẹ̀ ká. Ó kú ní September 1915, Charles Stanton tó fẹ́ràn ogun yẹn ni wọ́n sì dìbò fún dípò ẹ̀.