Báwo ni a ṣe ń ya àwòrán lámilámi lẹ́bàá òkun?

Olùkọ́ Ìsánlú:
Ẹ̀yin ará, òkun o, bí a ti ń kíra wa nílẹ̀ Òkun níbí. Láìpẹ́ yìí ni mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì lọ sí Àgbádárìgì kí wọ́n lè fojú rí òkun, nítorí pé odò àti dáàmù nìkan ni wọ́n mọ̀ ní Ìsánlú níbí. Lámilámi ni èmi fẹ́ yà ní tèmi. Mo dúró lórí iyanrìn fún bíi wákàtí kan, n kò rí ju ẹyọ kan tó ń fò kọjá lókè lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gba ẹ̀yìn igi àgbọn padà, níbi kòtò omi òjò kan tí òṣíbàtà bò, wọ́n pọ̀ súà: pupa, aláwọ̀ ewé, àti èyí tó ní ọ̀já dúdú lápá. Mo sáré tẹ̀lé wọn títí ó fi rẹ̀ mí, mo ya ogójì àwòrán, gbogbo wọn ló rí bàìbàì. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Kí ló sì dé tí wọn kò sí létí òkun gan-an?

Ará Èjìbà:
Olùkọ́, ẹ kú ìrìn àjò. Inú omi ni lámilámi ti ń lo ìgbà èwe rẹ̀: ìyá á yé ẹyin sínú omi tàbí sára ewéko inú rẹ̀, ọmọ tó bá jáde á sì máa gbé ìsàlẹ̀ ibẹ̀, á máa pa tanwíjí jẹ, títí di ọjọ́ tí yóò gun ewéko jáde láti bọ́ awọ. Omi iyọ̀ kò bá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lára mu, nítorí náà, bí ẹ bá tún dé etí òkun, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ìgbì, kí ẹ wá àbàtà tàbí kòtò omi tí kò níyọ̀. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó ń fò lókè jẹ́ Pantala flavescens, arìnrìn-àjò tó ń ti Íńdíà ré òkun kọjá dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, torí kì í sábà bà lọ́sàn-án.

Ìyá Ayàwòrán, Kàbbà:
Àbúrò mi, eré tí ẹ sá yẹn ló ba iṣẹ́ jẹ́. Akọ lámilámi máa ń yan orí igi kan láàyò. Bí ó tilẹ̀ fò lọ lé akọ mìíràn tàbí láti mú kòkòrò, orí igi yẹn náà ló máa ń padà sí. Ẹ dúró, ẹ kà á bí ó bá padà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá rọra súnmọ́ ọn nígbà tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ sì ti kámẹ́rà sójú orí igi náà kí ó tó dé. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bò ó. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti yà á, kí ojú àti ìrù lè hàn kedere pọ̀. Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ yá oòrùn tàbí kí ó gbọn apá kí ara rẹ̀ tó gbóná tó láti fò. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ẹ óo rí àwọn kan tí wọ́n nàró ìrù sókè kí oòrùn má baà bo gbogbo ara wọn. Àwòrán tó rẹwà nìyẹn náà.

Ọmọ Ìjùmú:
Èyí tó ní ọ̀já dúdú lápá lè jẹ́ Brachythemis leucosticta. Ẹ kàn rìn jẹ́jẹ́ létí omi, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀lé ẹsẹ̀ yín, torí kòkòrò tí ẹ bá rú sókè ló ń jẹ. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mú lámilámi kankan sínú fíríìjì kí ó lè dúró jẹ́ẹ́ fún àwòrán, bí àwọn kan ti ń ṣe. Ìwà ìkà ni.

Olùkọ́ Ìsánlú:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, èmi àti àwọn ọmọ jókòó létí omi dáàmù Èjìbà láìsáré rárá. Pupa kan padà sórí pòròpórò kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì yà á débi pé irun ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Àbúrò nínú àwọn ọmọ náà wá rí awọ gbígbẹ kan tó dì mọ́ esùsú, ẹ̀yìn rẹ̀ là, òwú funfun tín-ín-rín sì yọ níbi tó là. Ó fi sínú àpótí ìṣáná, ó gbé e délé.