Kí lojú yín rí ní kíláàsì òfin ìwà ọ̀daràn?

Akọ́ṣẹ́ Tuntun: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ òfin ìwà ọ̀daràn. Kí lojú yín rí níbẹ̀? Àyà mi ti ń já.

Ẹsẹ̀ Yá: Wọ́n ní ká ṣe bí ẹni wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin kan gbé báàgì dúdú kan lórí àga, ó ń lọ. Obìnrin kan figbe ta: “Báàgì mi!” Mo sáré, mo gbá a mú, mo ti kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, inú mi ń dùn. Olùkọ́ wa ní kí n yíjú wo àga yẹn. Báàgì dúdú kejì jókòó síbẹ̀, tọkùnrin náà gan-an. Ó wá bi mí pé: “Ọwọ́ ẹ̀ gbé báàgì, ọkàn ẹ̀ ńkọ́, kí ló gbé?” Wọ́n ṣì ń fi pè mí dòní.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Olùkọ́ yín le jù. Obìnrin pariwo, ọkùnrin ń gbé báàgì lọ, ìfura tó nídìí ti wà nìyẹn. Ẹ̀rí téèyàn fi ń mú afurasí kì í ṣe èyí tí adájọ́ fi ń dá a lẹ́bi. Ibi tó o ti ṣì í ni pé o ò bi í ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹsẹ̀ Yá: Ẹ ṣeun, sà. Ibo lẹ wà lọ́jọ́ yẹn?

Alátakò: Ká ní mo jalè, kí n ṣáà ti ní “mo rò pé tèmi ni”?

Bàbá Fẹ̀yìntì: Bí báàgì tìẹ bá pupa tí èyí tó o gbé sì dúdú, ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? “Mo rò pé tèmi ni” sì yàtọ̀ sí “mi ò mọ̀ pé òfin kà á léèwọ̀.” Èkejì yẹn kì í sábà gbani.

Bíró Pupa: Ìgbà mẹ́fà ni mo kọ “ọ̀daràn náà” sínú ìròyìn ojú ewé kan. Olùkọ́ fagi lé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kọ “afurasí” sórí wọn. Nísàlẹ̀: “Ìgbà wo lo di adájọ́?”

Ẹsẹ̀ Yá: 😂😂 Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa!

Ìyá Ẹjọ́: Tèmi ni “wọ́n jà mí lólè.” Ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀, mo kọ ìdigunjalè. Àṣé kò sí nílé nígbà tí wọ́n kó ẹrù ẹ̀! Kò sí ipá, kò sí ìhàlẹ̀.

Alátakò: Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́: gbéwiri, kólékólé, adigunjalè. Ìwọ ni o ò béèrè.

Ìyá Ẹjọ́: Mo gbà. Àmọ́ èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ẹjọ́ àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́dún 1884. Ọkọ̀ Mignonette rì, èèyàn mẹ́rin wà nínú ọkọ̀ kékeré láìsí omi mímu. Dudley àti Stephens pa ọmọ ọdún 17 tó ń ṣàìsàn, wọ́n jẹ ẹ́. Ilé ẹjọ́ ní ebi kì í ṣe àwíjàre fún ìpànìyàn. Wọ́n dájọ́ ikú fún wọn, ó padà di ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ẹsẹ̀ Yá: Oṣù mẹ́fà péré?

Alátakò: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹun yó lẹ ń dájọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ogún ọjọ́ gbé orí òkun ná.

Ìyá Ẹjọ́: Ẹnì kẹta, Brooks, jẹ níbẹ̀ náà o. Wọn ò bá a ṣẹjọ́, torí kò fara mọ́ pípa ọmọ náà. Òun ló wá jẹ́rìí.

Alátakò: Ó jẹ ẹran, ó tún jẹ́rìí!

Bàbá Fẹ̀yìntì: Wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tó máa kú. Aláìlágbára ni wọ́n mú.

Akọ́ṣẹ́ Tuntun: Mo ní àyà mi ń já, ẹ tún gbé èèyàn tó jẹ èèyàn wá.

Bíró Pupa: Ra bíró dúdú dání. Pupa ti wà lọ́wọ́ olùkọ́.