Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó sídìí rédíò rí, ọ̀rọ̀ wo ló kó yín sí wàhálà?

Ọmọ Mọ́níyà: Èmi ni kí n bẹ̀rẹ̀. Ètò àárọ̀ ni, ọ̀gbẹ́ni kan pè wọlé, ó kí gbogbo ilé, ó kí màmá ẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ló fẹ́ sọ. Àfi bó ṣe dárúkọ onílé ẹ̀, orúkọ àti àdúgbò, ó ní olè ni, pé ó ta ilẹ̀ kan fún èèyàn mẹ́ta. Kí ọwọ́ mi tó dé ibi bọ́tìnì tá a fi ń gé ìpè, ó ti sọ ọ́ tán. Mo wá tún rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́tà lọ́yà dé. Ẹ̀rín mi wà nínú ẹ̀, wọ́n fàlà sí i nídìí.

Àjàlá: Ó sì lè jẹ́ olè lóòótọ́ o 😂

Lọ́yà Kékeré: Ẹni tó bá ní olè ni ni yóò mú ẹ̀rí wá. Rédíò náà á jẹ́jọ́, torí àwọn ló gbé e sáfẹ́fẹ́. "Wọ́n ní" ò gbani nílé ẹjọ́.

Atọ́kùn Àtijọ́: Tiwa, a kì í dárúkọ. "Alága kan tílé ẹ̀ kọjú sọ́jà, tó ń dé fìlà pupa."

Lọ́yà Kékeré: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dárúkọ ẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Àwọn alágbo ńkọ́? Wọ́n ní kí n ka ìpolówó agbo kan tó ń wo àrùn mẹ́rìndínlógún. Mo bèèrè nọ́ńbà NAFDAC, ọ̀gá ní ẹni yẹn ti sanwó. Mo kà á. Ṣùgbọ́n mo sáré kà á.

Àjàlá: Ṣé NBC, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ò gbọ́ eré ni? 😂

Kò-sí-Ẹ̀rù: NBC wo? Lọ́dún 2020 wọ́n gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò ní ₦500,000 lọ sí ₦5 mílíọ̀nù. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábújá ní lọ́dún 2023 pé wọn ò láṣẹ àtibu owó ìtanràn lé rédíò lórí.

Atọ́kùn Àtijọ́: Ìwé àṣẹ yín ńkọ́, ọwọ́ ta ló wà?

Kò-sí-Ẹ̀rù: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Mọ́níyà, báwo ló ṣe wá parí?

Ọmọ Mọ́níyà: Ọjọ́ mẹ́ta la fi tọrọ àforíjì, lásìkò ètò yẹn gan-an. Lọ́jọ́ kẹta, onílé fúnra ẹ̀ pè wọlé pé òun fẹ́ dúpẹ́. Ó kí ìyàwó ẹ̀, ó kí àwọn ọmọ ẹ̀. Ìka mi ò kúrò lórí bọ́tìnì títí ó fi gbé fóònù sílẹ̀.