Orúkọ wo la ó pe Táí Ṣólàárín?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a máa pe ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run ní "asẹ́lọ́run". Mi ò fara mọ́ ọn. Olóògbé Táí Ṣólàárín, olùkọ́ tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ni mo fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò.

Ohun tí ènìyàn mọ̀ ló ń sẹ́. Pétérù mọ Jésù kó tó sẹ́ ẹ. Olè tó sẹ́ kanlẹ̀ mọ̀ pé òun ló jí i. "Asẹ́lọ́run" ti dá ẹjọ́ kí ẹni náà tó lanu: ó mọ̀ pé Ọlọ́run wà, ó kàn ń purọ́ ni. Ṣólàárín kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbangba ló ti sọ pé òun kò gbà á gbọ́, kò sì gbé ilé-ìwé Mayflower tó dá sílẹ̀ n'Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956 ka orí ẹ̀sìn kankan, nígbà tó jẹ́ pé ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa.

"Kèfèrí" ńkọ́? Èdè Lárúbáwá ló ti wá, síbẹ̀ Bíbélì Yorùbá fi ń pe àwọn tí kì í ṣe Júù. Abọ̀rìṣà ló sábà máa ń bá. Babaláwo gbà pé Olódùmarè wà, Ṣólàárín kò gbà. Báwo ni orúkọ kan á ṣe gba àwọn méjèèjì? "Aláìgbàgbọ́" náà kò ṣe é lò. Ìgbàgbọ́ ti di ẹ̀sìn Kristi lẹ́nu wa, Mùsùlùmí pàápàá á wá di "aláìgbàgbọ́".

"Aláìgbọlọ́rungbọ́" ni tèmi. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n a lè pè é lójú ẹni náà kó sì dáhùn.

Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ tó dáa ti wà fún ìdàkejì rẹ̀: agbawèrèmẹ́sìn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Ẹ̀sìn wà lọ́tọ̀, wèrè wà lọ́tọ̀, ẹnìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gba èkejì mọ́ èkínní. Kò bú ẹ̀sìn rárá.

Ní 2020, nígbà tí Mubarak Bala, tí òun náà ní kò sí Ọlọ́run, ti lo 100 ọjọ́ ní àtìmọ́lé nítorí ohun tó kọ nípa ẹ̀sìn sí Facebook, Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà sí i láti fi hàn pé òun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ ní Kánò rán Bala lẹ́wọ̀n ọdún 24. Ẹni tó bá ròyìn ọ̀rọ̀ yẹn ní Yorùbá, tó wá pe Bala ní "asẹ́lọ́run", ti gbè sẹ́yìn àwọn tó tì í mọ́lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú ju tèmi lọ, tí kò sì ní èébú nínú, kó jọ̀wọ́ mú un wá.