Èsì: «Ìkọ́-akọni» kọ́, ìdira ni

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Mo ti ka àtẹ ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá Skyrim, géèmù orí ẹ̀rọ tí ènìyàn ti ń darí ẹ̀dá-ìtàn kan lọ jagun, níbi tó ti fi Yorùbá rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní «build», ìyẹn irú ohun ìjà, ìhámọ́ra, oògùn àti ọgbọ́n ìjà tí ènìyàn yàn fún ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, àbúrò ní ká máa pè é ní «ìkọ́-akọni». Ibẹ̀ ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ta ló ń kọ́ ènìyàn bí ẹni ń kọ́ ilé? Bí Yorùbá bá ní a kọ́ ènìyàn, ẹ̀kọ́ la kọ́ ọ. Àbúrò fi òwe ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó dáa, kó tún òwe náà pa létí ara rẹ̀. Kọ́ ti ọmọ yàtọ̀ sí kọ́ ti ilé. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n yàtọ̀ ni, kí ni ì bá kù tó dùn nínú òwe náà? Ẹlẹ́rìí tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ pè ti jẹ́rìí ta kò ó.

Ẹ tún wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, láìsí àmì kankan. «Iko akoni» ni wọn yóò kọ. Ẹnìkan á kà á sí ikọ́, pé òtútù ti mú akọni. Ẹlòmíì á kà á sí ikọ̀, bíi ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó kù á máa wá ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́.

Ìdira lèmi fi lélẹ̀. Jagunjagun wa kì í ṣàdédé jáde lọ sójú ogun, á kọ́kọ́ dira, kì í sì í ṣe ẹ̀wù nìkan ló fi ń dira. Ìgbàdí ń bẹ nídìí, ìfúnpá ń bẹ lápá. Òkígbẹ́ wà fún ẹni tí yóò pàdé idà, ayẹta fún ẹni tí wọn yóò yìnbọn sí, àféèrí fún ẹni tí kò fẹ́ kí ojú ọ̀tá rí òun rárá. Olúkúlùkù mọ ogun tó ń lọ, ó sì mọ ohun tí yóò mú dání. Kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe tó yàtọ̀ sí èyí? Ní Skyrim, bí ẹ̀dá rẹ bá ti gun ìpele kan, wàá mú ọ̀kan nínú mẹ́ta, ìlera, agbára oògùn tàbí okun, wàá fi 10 kún un. Wàá tún yan àǹfààní kan lábẹ́ ọ̀kan nínú ọgbọ́n 18 tó wà níbẹ̀: 6 jẹ́ ti ìjà, 6 ti oògùn, 6 ti ìyọ́kẹ́lẹ́. Ẹni tó kó tirẹ̀ lé idà àfọwọ́méjìjù ti dira fún ojúkojú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìlọrin ní «ìdìra» ló yẹ ká kọ, pé dì ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, a sì rí i nínú gbáradì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ kì í dúró nísàlẹ̀ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ tó tẹ̀ lé e. Rà ni, ṣùgbọ́n a ń ra iṣu. Dì ni, ṣùgbọ́n a ń di irun. Nínú gbáradì, ara ti ṣáájú, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn dì, ló fi wà nísàlẹ̀. Nínú dira, ara ló wà lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ ó fi onídìrí bi mí, níbi tí dì ti wà nísàlẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi onídìrí sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ orí ni, ó gùn.

Ẹlòmíì ní «àdira», pé ì- ń sọ nípa ṣíṣe, à- ń sọ nípa ohun tí a ti ṣe. Òótọ́ ni pé àkọsílẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ lódindi ní 1884, tí iṣẹ́ Àjàyí Crowther pọ̀ nínú rẹ̀, ìhámọ́ra ni wọ́n ní kí àwọn ará Éfésù gbé wọ̀. Ì- ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ ṣíṣe kọ́ nìyẹn, irin ni.

Ó wá ku tafàtafà. Gbogbo ẹni tó ti gbá Skyrim láti 2011 ló mọ bó ṣe ń rí. O gbé àáké ńlá, o búra pé ojúkojú lo fẹ́ máa jà. Kó tó pẹ́, o ti lóṣòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú ọrun, ò ń wo àwòrán ẹyinjú kan láàárín gbùngbùn tẹlifíṣọ̀n. Bí ó bá ń là, ọ̀tá ti ń fura. Bí ó bá padé, fa ọrun, ta á. Ọfà àìròtẹ́lẹ̀ yìí ń dun ọ̀tá ní ìlọ́po méjì, àǹfààní kan sì wà tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ọ̀bẹ lè dé ìlọ́po 15, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sún mọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀? Oblivion ti 2006, géèmù tó ṣáájú Skyrim, ní kí o yan kíláàsì, ìyẹn irú jagunjagun tí o fẹ́ jẹ́, kí eré tó wọra. Skyrim yọ ìyẹn kúrò, ohun tí o bá ń ṣe léraléra ló ń dàgbà, bí ọ̀pọ̀ ṣe di tafàtafà láìmọ̀ nìyẹn. Èyí tún ta ko ìkọ́: ilé kì í ṣèèṣì yọ láìjẹ́ pé ẹnìkan fẹ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lójú ogun lè ju èyí nù kó gbé tọ̀hún.

«Tafàtafà ayọ́kẹ́lẹ́» ni àbúrò kọ, ẹ sì ń fi í ṣẹ̀sín, pé ṣé inú mọ́tò ló ti ń tafà. Mo gbèjà rẹ̀ níbí o. Kí mọ́tò tó dé ni ẹsẹ̀ ènìyàn ti ń yọ́ kẹ́lẹ́. Àmọ́ ọdẹ ló bí mi. Bàbá mi kì í sọ pé òun yọ́ kẹ́lẹ́, wọn á ní àwọn ba de ẹran. Tafàtafà ibùba, ó parí. Ẹ má sì bá mi mú «ọlọ́fà» wá, Ọba ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà.

«Onídán» tó kọ fún ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán da iná, n kò gbà. Eégún alárè ló ń pidán, kí ọmọdé lè pàtẹ́wọ́. Èyí tó burú jù ni «igbe» tó fi túmọ̀ «shout». Nínú géèmù yẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, Fus Ro Dah, ló ń gbé ọ̀tá fò sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ lára ògiri, tí a pè tó sì ṣẹ, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní igbe? Ọfọ̀ ni! Ẹ̀gbọ́n wa ní London ní àyájọ́ ni, torí ọwọ́ àwọn dírágónì àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ̀gbọ́n, àyájọ́ a máa sọ ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí kó tó pàṣẹ. Ìtàn wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta?

Ẹni tó ń dúró níwájú gba ìyà fún àwọn yòókù, wọ́n kọ ọ́ sí «táǹkì». Omi ló wà nínú táǹkì. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, àwọn àgbà ti sọ ọ́, nítorí náà agbọfà tó mi. Ohun tó sì mú lọ́wọ́ kì í ṣe «àpáta» bí àtẹ ṣe kọ ọ́. Òkúta ni wọ́n gbé lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ yẹn. Apata ni, ohùn àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó dáhùn lánàá pé asà nìkan ló tọ̀nà, pé apata kì í ṣe Yorùbá gidi, Bíbélì kan náà lo méjèèjì. Mo ń retí ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀.