Físíò pẹ̀lú OT fún màmá mi tó ní sítírọ́òkù, ṣé nǹkan kan náà kọ́ ni?

OmoOnileObi (Iléṣà):

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè ni mo ní, ẹ má bínú pé ó gùn. Màmá mi ti pé ọdún 66, obì ni wọ́n ń tà l'Átàkúnmọ̀sà, ìdí obì yẹn ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa. Lóṣù tó kọjá wọ́n jí láàárọ̀ wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún àwọn wúwo, kí n tó rí mọ́tò ẹnu ti yí, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ò gbéra mọ́. Sítírọ́òkù ni. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní ọsibítù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ti ń padà sẹ́nu wọn, wọ́n tiẹ̀ ti ń bú mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, dókítà kọ físíò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tún kọ OT lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ka ìwé náà, "ó tì" ni màmá gbọ́, wọ́n ní "kí ló tì? Ta ló ní ó tì?" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ èmi gan-an ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Físíò mo mọ̀, àwọn tó máa ń na ẹsẹ̀ èèyàn ni. Mo béèrè OT lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sí káńtà, ó ní kí n lọ sanwó ná, tí mo bá débẹ̀ màá rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó ló ń fi owó ránṣẹ́, ó ní ọ̀kan náà ni méjèèjì, wọ́n kàn fẹ́ gbowó lẹ́ẹ̀mejì ni, ká mú físíò ká fi ìyókù sílẹ̀. Àbúrò màmá mi ní tiwọn ní ká fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ká máa fi òrí pẹ̀lú àdí wọ́ wọn lára láàárọ̀ lálẹ́, pé bàbá kan n'Ísọkùn dìde bẹ́ẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lòótọ́? Tówó ò bá ká méjèèjì, èwo la máa dì mú? Nítorí ẹsẹ̀ yẹn kọ́ ló ń ba màmá nínú jẹ́ o, ọwọ́ ni. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun báyìí, tí àlejò bá wọlé wọ́n á ti abọ́ sẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ti yó.

IyaIbejiLagere:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí ẹ má báa ṣe àṣìṣe tí a ṣe. Bàbá ọkọ mi ni, n'Ífẹ̀ níbí, apá òsì ló mú ní tiwọn. A gbé wọn délé, a bẹ̀rẹ̀ ìwọ́ra. Ọkùnrin tó ń wọ́ wọn yẹn lágbára bí ẹṣin, á mú apá tí kò ṣiṣẹ́ yẹn á fà á sókè kó lè "jí", bàbá á ké, a ó ní ẹ rọ́jú bàbá, ìgbà tó bá dùn yín ló ń jí. Àwa náà tá a bá fẹ́ gbé wọn dìde apá yẹn la máa ń dì mú fà. Ó tó oṣù méjì ká tó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, ọmọbìnrin tó yẹ èjìká wọn wò kàn dákẹ́ ni. Ó ní iṣan tó ń di èjìká mú ló ti dẹ̀ látìgbà tí sítírọ́òkù ti dé, ìfà tí a ń fà á ló wá jẹ́ kí eegun apá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kúrò nínú ihò ẹ̀. Ẹ̀bi tiwa ni. Bàbá rìn padà o, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ títí wọ́n fi kú èjìká yẹn ò jẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa apá màmá. Tí wọ́n bá jókòó ẹ fi tìmùtìmù sábẹ́ apá yẹn, kó má kàn máa rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé wọn dìde, ẹ̀yìn tàbí ìbàdí ni kẹ́ ẹ ti dì wọ́n mú.

BabaOsu:

Hahaha, Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló, àìsàn dé ẹ̀ ń ṣírò owó 😂 Eré ni o, mo mọ bí owó ṣe rí lásìkò yìí. Èmi náà rò bíi ti ẹ̀gbọ́n yín nígbà tó kan ìyàwó mi. Físíò nìkan la ṣe. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin ó ń rìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra ẹ̀, mo ń dúpẹ́, mo ń pè gbogbo ayé. Ó débẹ̀ tán kò lè tú ìró. Ṣé ẹ rí i? Ẹsẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ ò lè ṣe ohun tó bá débẹ̀. Èmi ni mo ń sáré tẹ̀lé e bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Rehab_Ife:

Ẹ kú ìtọ́jú o. Físíò ni mo ń kọ́ ní OAU, mo ti wà ní ìpele àṣekágbá, mi ò tíì di ọ̀gá, ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ. Kì í ṣe nǹkan kan náà. OT ni "occupational therapy", ìtọ́jú tó ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa padà ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Dipátímẹ́ǹtì kan náà, Medical Rehabilitation, ló ń kọ́ àwọn méjèèjì níbí, oyè wọn ló yàtọ̀, bọ́ọ̀dù kan náà tí òfin 1988 dá sílẹ̀ ló sì ń forúkọ wọn sílẹ̀. Bóyá ibẹ̀ lẹ̀gbọ́n yín ti rò pé ọ̀kan ni. Àwọn OT ò pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí rárá, ilé ìwé wọn kan wà l'Óṣòdì, àwa náà wà níbí, ọ̀pọ̀ ọsibítù ni kò ní ẹyọ kan. Tí wọ́n bá rí OT kọ fún màmá yín, ẹ má fi ṣeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ọpọlọ ni sítírọ́òkù ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọwọ́. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àtẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ màmá fi dàrú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ yẹn ò kú, àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́. Ọpọlọ lè la ọ̀nà míì, àfi kí ẹni náà máa rán an lọ léraléra, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ mú ife, ẹ tún gbìyànjú, ẹ tún gbìyànjú, títí tó fi máa sú gbogbo ilé. Ìwọ́ra ò lè ṣèyẹn torí ẹlòmíì ló ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, màmá kàn sùn sílẹ̀ ni. Mi ò bú ìwọ́ra o! Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó dá ẹgbẹ́ físíò sílẹ̀ n'Ílùú Ọba ní 1894, ìwọ́ra ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí àǹtí máa fi òrí ra wọ́n lára jẹ́jẹ́, ó dáa fún awọ ara, ó sì ń tù wọ́n nínú pé ẹnì kan fọwọ́ kàn wọ́n. Kí wọ́n ṣáà má fa nǹkan kan.

Físíò á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí wọ́n ṣe máa jókòó láì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe máa dìde, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé ara. OT á wá béèrè pé wọ́n ti dìde, kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ wẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ wé gèlè, wọ́n fẹ́ ro ọkà, wọ́n fẹ́ ka owó? Èyí tí wọ́n bá dárúkọ niṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn gbọ́ "occupational" wọ́n rò pé iṣẹ́ oṣù ni, gbogbo ohun tó ń gba ọjọ́ èèyàn lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń wá wo ilé tí àyè bá wà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ká rọ́ọ̀gì tó ń gbé wọn lẹ́sẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ gbé bẹ́ǹṣì sí balùwẹ̀.

Ẹ̀yin tiẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bùbá. Ọwọ́ tí kò lágbára ni kó kọ́kọ́ wọ apá aṣọ, tí wọ́n bá ń bọ́ ọ òun ni kó jáde kẹ́yìn. Ẹ ó rí i pé ìjà àárọ̀ á dín kù.

Ti owó: mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ mú ọ̀kan. Ẹ sọ fún wọn ní tààrà pé agbára yín ò gbé mẹ́rin lọ́sẹ̀. Kí físíò di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí OT wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ́ ẹ̀yin gan-an ní ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nílé lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ara máa ń yára padà jù, lẹ́yìn ẹ̀ kì í dúró àmọ́ á máa fà, ẹ má jẹ́ kí àkókò yìí kọjá lórí àríyànjiyàn tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Kẹ́ ẹ sì máa fún wọn ní oògùn B.P. wọn, torí èkejì lè dé.

OmoOnileObi (Iléṣà):

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á dá a padà. Mo ka ọ̀rọ̀ èjìká yẹn fún àǹtí, wọ́n dákẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ka gbogbo ẹ̀, ó ní "ṣé wọ́n wá fẹ́ kọ́ màmá ní bí wọ́n ṣe ń tọ́ obì ni?" Mi ò mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yẹn ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọwọ́ òsì na obì sí oníbàárà, pé ta ló máa gbà á? Òótọ́ ni, èmi náà ò ní gbà á.

Rehab_Ife:

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé obì gan-an ni wọ́n máa kọ́ wọn 😄 Obì títọ́, bíbó, kíkà, wíwé sínú ewé, ìka ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó dáa tó ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ ẹ kó díẹ̀ dání.

Ti oúnjẹ: ẹ fi aṣọ tàbí fóòmù wé ẹ̀yìn ṣíbí títí tó fi nípọn, ẹ fi sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ọwọ́ òsì wá gbé ọwọ́ ọ̀tún lọ sẹ́nu. Ọ̀tún ni wọ́n fi jẹun nìyẹn, òsì kàn ràn án lọ́wọ́ ni, kò séèwọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe torí àlejò nìkan o, tí òsì bá ń ṣe gbogbo nǹkan, ọpọlọ á gbàgbé ọ̀tún síbẹ̀, ọwọ́ tó lè padà á di ọwọ́ tí kò ní padà.

WeldaModakeke:

Èmi ò ní sítírọ́òkù, ọ̀kadà ló gbá mi, iṣan ìka mẹ́ta já. Lẹ́yìn tí wọ́n rán an, OT ló ṣe nǹkan tí mo ń dè mọ́wọ́ kó má baà ká kò, òun náà ló ń bá mi wá bí mo ṣe máa di tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń jó irin mú padà. Mo bú u gan-an lọ́jọ́ tó ní kí n máa fi ìka ṣa ìlẹ̀kẹ̀ sínú ago, mo ní ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìka kékeré ò ká tán, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

IyaIbejiLagere:

@OmoOnileObi ẹ padà wá sọ bó ṣe rí o, ẹ má lọ bẹ́ẹ̀.

OmoOnileObi (Iléṣà):

Mo ti dé. A lọ lánàá, mo kó obì àbàtà ogún sínú ọ̀rá. Ọmọbìnrin OT náà kékeré, màmá wò ó tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n ní ṣé èyí ló máa wo àwọn sàn. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní "màmá, ẹ kọ́ mi, báwo la ṣe ń mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀?" Ó parí! Wọ́n gbàgbé pé àìsàn ń ṣe wọ́n. Wọ́n fẹ́ fi òsì gbé e, ọmọ náà fi ọwọ́ lé òsì jẹ́jẹ́, ó gbé ọ̀tún lé orí obì, wọ́n ń rìn ìka lórí ẹ̀, òógùn bo iwájú wọn. Ó tó ogún ìṣẹ́jú, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kúrò nínú àwo kan bọ́ sínú èkejì, ó tiẹ̀ já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó débẹ̀. Mo ti sunkún tán kí n tó mọ̀. Mo ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, kò fèsì, àmọ́ owó oṣù tó ń bọ̀ ti wọlé láàárọ̀ yìí, méjèèjì ló san.

Ìjà kan ṣoṣo ló kù. Nígbà tí a délé màmá ní kí n da obì náà sílẹ̀ káwọn kà á. Méjìdínlógún. Wọ́n ní kí n pe ọmọ OT yẹn, pé òun ló jẹ méjì, kó mú owó ẹ̀ dání lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.