Èèkù ọ̀bẹ látara ohun tí wọ́n dà nù: ìwo àgbò, àjákù aṣọ òkè, àbí kẹ́ẹ̀gì?

Ọmọ_Ìjẹ̀búÒde:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ alárè. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa bá mi fi sipirín mọ́tò rọ ọ̀bẹ ìdáná kan fún màmá mi, ó mú dáadáa, èèkù ló kù. Mi ò fẹ́ ra pákó tuntun rárá, ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí ohun tó dáa lórí ààtàn. Ohun tó wà nílẹ̀: ìwo àgbò Iléyá, àjákù aṣọ òkè tí àwọn télọ̀ gé kúrò lára aṣọ Ojúde Ọba, kẹ́ẹ̀gì epo tó ti fọ́, àti gígé ọpá iná àtijọ́. Èwo ló lè gba omi àti ata lójoojúmọ́ tí ò ní sán, tí ò sì ní máa yọ̀ lọ́wọ́ wọn? Ìrù irin yẹn, ìyẹn ibi tí èèkù máa bò, pẹlẹbẹ, ó gùn dé ìdí èèkù.

Bọ̀dá_Ṣàgámù:
Àbúrò, ìwo ni tèmi. Ohun tó wà nínú èékánná wa náà ló wà nínú ìwo, ìdí nìyẹn tó fi ń rọ̀ tí ooru bá kàn án, tó sì ń rùn bí irun tó jó tó o bá ń fáìlì ẹ̀. Kọ́kọ́ yọ egungun inú ẹ̀, sè é tàbí kó o rì í sómi títí ohun tó so wọ́n pọ̀ á fi jẹrà, níta o, torí òórùn yẹn kì í ṣe kékeré! Ṣóńṣó ẹ̀ nìkan ló ki, ìdí ẹ̀ ihò ni, nítorí náà fi ayùn la ìdí yẹn, sè é nínú omi tó ń hó kó rọ̀, wá fi kíláǹpù há a sáàárín pákó méjì kó tutù síbẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí tó bá ṣì tutù tó o lò ó, á sún kì, á fi irin sílẹ̀. Kí màmá má ṣáà máa rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, á ká.

Àǹtí_Aláṣọòkè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò purọ́, àmọ́ omi gbígbóná yẹn gan-an ni wàhálà, ilé ìdáná là ń sọ. Aṣọ òkè ni kó lò. Aṣọ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ títí tó fi le bíi pákó, Micarta làwọn òyìnbó ń pè é, ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é ní nǹkan bí 1910 fún iṣẹ́ iná mànàmáná. Àbúrò, gé aṣọ yẹn dọ́gba, po epoxy (gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ kó lè le), rẹ ìkọ̀ọ̀kan dáadáa kó mu ún dé inú, tò ó léra, fi ọ̀rá wé e, kí kíláǹpù há a mọ́jú, tílẹ̀ bá fi mọ́ ó ti le koko, ayùn ló kù. Òwú gidi ni o! Èyí tó ní fọ́nrán tó ń dán kì í mu gọ́ọ̀mù, á máa ṣí ní ìpele ìpele. Má dán an jù, sáńpépà 220 ti tó, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kó yọ̀ tọ́wọ́ bá tutù. Tí àjákù ìtagbè bá wà níbẹ̀, jọ̀ọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀, aṣọ Òṣùgbó kì í ṣe ohun tá a fi ń gé ata.

Kápẹ́ńtà_Ìjẹ̀búIgbó:
Ọpá iná yẹn, má mú un wọlé rárá. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kí ikán má jẹ ẹ́, májèlé ni, arsenic wà nínú òmíì, èèyàn ò gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ kó fa eruku ẹ̀ símú. Kẹ́ẹ̀gì ṣeé yọ́, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù kì í mú un, ó sì ń yọ̀. Páìpù PVC ńkọ́? Má yọ́ ọ láéláé, èéfín ẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá jẹ́ igi lo fẹ́, wá sí ilé ìlagi wa níbí, àjákù apá àti ìrókò pọ̀ bí nǹkan míì, ṣáà lo ìbòmú torí eruku ìrókò máa ń ta imú.

Ọmọ_Ìjẹ̀búÒde:
Ẹ ṣé gan-an ni. Aṣọ òkè ni màá ṣe. Àǹtí, ṣé epoxy nìkan tó láti mú un mọ́ irin?

Àǹtí_Aláṣọòkè:
Kò tó o. Lu ihò méjì tàbí mẹ́ta gba inú ìrù irin yẹn, kó o tó lẹ̀ ẹ́ fi sáńpépà ha irin náà kó rí kángunkàngun, nu epo ara ẹ̀. Wáyà kọ́pà tó nípọn látinú kébù àtijọ́ ni kó o kì bọ ihò yẹn, fi hámà lu orí ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ̀, wá fáìlì ẹ̀ kó dọ́gba pẹ̀lú èèkù.